Orúkọ Tó Kù Lẹ́nu Onorina

Ẹ̀gbọ́n mi Gaspare kì í kí òkúta. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn, á sì gbé àyà síwájú bí ẹni tó ti ogun bọ̀. Abúlé wa nìkan lèèyàn ti lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yangàn, torí pé láti ìlú Fondi dé Itri, nílẹ̀ Ítálì wa níbí, n ò mọ ibòmíì tí tọmọdé tàgbà ti ń kí òkúta láràárọ̀.

Inú ògiri tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù kọfí mi ni òkúta náà wà. Obìnrin ará Róòmù àtijọ́ kan ló ni ín, Mevia lorúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn kì í sin òkú wọn síbi tó dákẹ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń sin wọ́n sí, níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í dá, kí òkú lè máa gbọ́ ohùn alààyè. Wọ́n wá kọ ọ́ sára òkúta rẹ̀ pé, "Ìwọ tó ń kọjá, dúró díẹ̀. Pe orúkọ mi kí o tó lọ." Ìjọba Róòmù ti wó, ọmọ ogun ti kọjá, ọlọ́ṣà ti kọjá, ẹnì kan tiẹ̀ ti yọ òkúta ibojì náà fi mọ ògiri ọgbà, síbẹ̀ àwọn ìyá ìyá wa ò yéé pè é. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a kàn bá a nílẹ̀ ni. Àwọn àlejò máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní kí n júwe ibi tí ọba Róòmù kan báyìí sùn sí. Mo máa ń sọ fún wọn pé n ò mọ ọba kankan, Mevia ni mo mọ̀.

Onorina, ìyàwó Gaspare, ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Láti ìgbà tó ti wọlé wa bí ìyàwó, kò sí àárọ̀ tó máa ra búrẹ́dì tí kò ní dúró níwájú ògiri, kó fọwọ́ kan òkúta, kó sì wí pé, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Mevia." Gaspare á máa pariwo láti iwájú pé, "Ẹ bá mi sọ fún màmá yín pé ebi ń pa mí o." Onorina á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Màmá, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Báyìí ni wọ́n ṣe dàgbà. Irun wọn funfun tán, ẹ̀fẹ̀ yẹn ò yí padà.

Nígbà òtútù, lẹ́yìn tí a ká ólífì tán, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Onorina. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, ó mọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n "tè" nìkan ló ń jáde. Tó bá fẹ́ omi, tè. Tó bá fẹ́ kí a ṣí fèrèsé, tè. Bí kò bá yé wa, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń ṣayé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

"Onorina, wo ẹnu mi. Gas-pa-re."

"Tè."

"Ó ti ń bọ̀, ó ti ń bọ̀. Gas-pa-re."

Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà dé lọ́jọ́ kan, mo bá a lẹ́nu rẹ̀, inú sì bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí sinmi. Ṣé iléèwé ló wà ni?"

Kò bú mi padà, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Ersilia, bàbá wa ti lọ, ìyá wa ti lọ. Nínú gbogbo àwọn tó máa ń pè mí bíi pé inú wọn dùn pé mo wà láyé, òun nìkan ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́. Kó pè mí lẹ́ẹ̀kan, kí n mọ̀ pé mo ṣì wà lọ́kàn rẹ̀."

Mo gbé ọbẹ̀ náà kalẹ̀, mo jáde.

Nígbà tí oòrùn padà, Tiziana, ọmọbìnrin tó ń wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ní kí a máa gbé e jáde. Gaspare gbé e sórí àga onítáyà, ó ń tì í bọ̀ lójú ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù fi òkúta tẹ́, táyà ń fò pàkà-pàkà. Èmi ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ògiri, Onorina na ọwọ́ òsì, ó fi kan òkúta.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Mevia."

Ó já geere, bí ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi. Gaspare sáré bọ́ síwájú àga, ó kúnlẹ̀.

"Onorina, èmi ńkọ́? Ta ni mí?"

Ó wò ó títí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Tè."

Tiziana ṣàlàyé fún wa. Ó ní nǹkan tí ẹnu ti ń sọ láràárọ̀ láìronú, bí àdúrà, bí orin, bí ìkíni, ibòmíì ló ń gbé nínú orí, àrùn náà lè máà débẹ̀.

Gaspare ní, "Ojoojúmọ́ náà ló ń pe èmi."

Ọmọ náà ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Mi ò lè purọ́ fún yín. Ó lè padà, ó sì lè máà padà."

Orí ẹ̀gbọ́n mi gbóná. Ó ní obìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni lábúlé ló wá gba ohùn ìyàwó òun lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ́, kí Onorina má baà rí ògiri. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé. Bí wọ́n bá ti yà, ìyàwó wa á yí ọrùn padà, á máa wo ìhà ibi tí òkúta wà títí wọ́n á fi kọjá. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ dènà dè wọ́n ní ìkóríta.

"Ẹ̀gbọ́n, òkú lẹ̀ ń jowú."

"Kúrò lọ́nà."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ tún fẹ́ gbà á. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti fi àga yìí gbá yín."

"O ò lọ́kọ, kí lo mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé ó ń sunkún."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú Onorina. Lẹ́yìn náà ó yí àga padà, ó tì í wá síwájú ògiri. Onorina kí Mevia, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Gaspare dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ṣe kúrò níwájú ògiri, táyà àga há sínú ipa tí kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn ará Róòmù ti gbẹ́ sójú ọ̀nà. Gaspare tẹ̀ ba láti fà á yọ, ó kẹ́yìn sí òkè. Fausto tó ń ta ewébẹ̀ sì ń fi ẹ̀yìn rin kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ bọ̀ láti òkè náà, kò rí i. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Onorina ló kígbe.

"Mevia!"

Kì í ṣe òkúta ló ń wò. Ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. "Mevia! Mevia!"

Gaspare gbórí sókè, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà gba ibi tó ti tẹ̀ ba kọjá, ó lọ forí sọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, tòmátì sì dà káàkiri. Fausto sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo abẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó fara pa, ahọ́n rẹ̀ padà sípò.

"Bàbá Gaspare, mi ò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ orúkọ."

"Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ," ni mo dá a lóhùn. "Lọ kó tòmátì ẹ."

Gaspare ò gbọ́ wa. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú àga. Onorina ń fi ọwọ́ òsì kàn án lórí, léjìká, lẹ́rẹ̀kẹ́, bí ìyá tó ń yẹ ọmọ tó ṣubú wò. Ó tún pè é, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, "Mevia."

Mo ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀ Gas-pa-re rẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè é.

"Èmi nìyẹn," ló sọ. "Èmi nìyẹn, ìyàwó mi. Mo wà níbí."

Ó bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, láàárín títì, nínú tòmátì. Èmi náà sunkún, n ò sì tijú.

Orúkọ Gaspare ò padà sẹ́nu rẹ̀ títí di òní, Tiziana sì ti sọ fún wa pé ká má retí rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́, kò dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá gba iwájú ilé wọn kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ tí obìnrin kan ń pe Mevia láti inú yàrá, ọkùnrin kan á sì dáhùn láti inú ọgbà pé, "Mò ń bọ̀."