Bọ́tìnnì Ni, Kì Í Ṣe Orí Ìṣó

"Orí ìṣó ni."

"Bọ́tìnnì ni. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì."

"Orí ìṣó kékeré, èyí tí a fi ń kan àpótí."

Ẹnu ọ̀nà yàrá dókítà ni káfíńtà àti ìyàwó ẹ̀, aránṣọ, ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n gé kúrò lọ́mú ìyàwó lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń fẹnu wọ̀n. Wọ́n wá gbọ́ bóyá ó ti tán níbẹ̀, àbí wọ́n á tún gé òmíràn.

"Baálé mi, ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, èmi àbí ẹ̀yin? Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán bọ́tìnnì. Tí mo bá dijú, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹran ara tó yí i ká lo kà mọ́ ọn."

Bàbá kan tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ ẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀wà, ká sinmi."

"Ẹ má bínú, bàbá," àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀, "kò sí ẹ̀wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀rù ló ń ba káfíńtà. Látọjọ́ tí wọ́n ti pe orúkọ àìsàn náà ló ti ń dín in kù. Ọjọ́ kìíní, ó gbà pé bọ́tìnnì ni. Ọjọ́ kẹta, ó di orí ìṣó. Ká ní dókítà pẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá ti di ìyẹ̀fun pákó.

Dókítà pè wọ́n wọlé. Ó ka ìwé, ó rẹ́rìn-ín.

"Etí ibi tí a gé mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan lábíyá, àrùn náà ò tàn débẹ̀. A ò gé nǹkan kan mọ́."

"Ẹ fi àyè ojú rírán sílẹ̀ yí i ká," ni aránṣọ wí. "Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn."

"Ẹ ó máa wá fún ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó pa èyí tójú ò rí. Lẹ́yìn náà, oògùn oníhóró kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Ó dára tí ẹ tètè wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tètè wá báyìí ló ń bá ayé wọn lọ. A ó kàn máa yẹ̀ yín wò lọ́dọọdún."

Káfíńtà nu ojú. Ó ní eruku pákó ló kó sí i, bẹ́ẹ̀ pákó kankan ò sí níbẹ̀.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?" ló bi dókítà.

"Mìlímítà méjìlá."

Aránṣọ fa téépù yọ lápò ọkọ ẹ̀, ó sì gbé e lé bọ́tìnnì tó wà láyà ọkọ fúnra ẹ̀. Méjìlá géérégé. Dókítà náà na ọrùn wò ó.

Káfíńtà wo bọ́tìnnì, ó wo téépù.

"Inú ìgò olómi lẹ fi kókó náà sí kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò rí i. Pákó tó bá mumi máa ń wú."

Ó dìde, ó gba téépù ẹ̀, ó gbéra lọ wá yàrá ìtànṣán. Nígbà tó kọjá lára bàbá ẹlẹ́sẹ̀ símẹ́ńtì, ó dúró díẹ̀.

"Orí ìṣó ni o, bàbá. Dókítà ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀."