Ọ̀gá Atẹ̀wé

Ìka kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi ń tẹ kọ̀ǹpútà náà. Ìyá Ìbejì ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì: kọ̀, ó dákẹ́, kọ̀, ó tún dákẹ́, bí ẹni tó ń pa èèrà lórí tábìlì, tó sì ń dúró de òmíràn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, àfi ìgbà tí òórùn aṣọ tó ń jó gbà á nímú. Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Ìbejì ni. Ó wo ojú ibi tó jó, ó ká aṣọ náà pọ̀ kí ibẹ̀ má baà hàn, ó sì tì í sábẹ́ àwọn yòókù. Lọ́jọ́ mìíràn, ìbá ti sáré lọ bẹ̀ ẹ́. Lónìí, inú ń bí i débi pé kò ka kọ́là tó jó sí nǹkan kan.

Ohun tó ń bí i nínú kò ṣòroó sọ. Bàbá Ìbejì ń kọ ìwé tuntun, kò sì pè é sí i.

Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti wà lọ́mọ ọwọ́, kò sí ìtàn kan tí ọkùnrin yẹn kọ tí kò gba ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá. Bírò ló fi ń kọ ọ́, ìkọ̀wé tó lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé tú, tí àwọn ará ilé ìtẹ̀wé sì ti bẹ̀ ẹ́ nígbà kan rí pé kó jọ̀ọ́, kó má fi ránṣẹ́ sí àwọn mọ́. Ìyá Ìbejì nìkan ló lè kà á. Iṣẹ́ atẹ̀wé ló ṣe lọ́fíìsì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Á gbé ìwé ọkọ rẹ̀ sí apá òsì, á tẹjú mọ́ ọn, gbogbo ìka rẹ̀ á sì máa sáré lórí bọ́tìnì láìjẹ́ pé ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Tó bá jẹ́ títẹ̀ nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn ún tó báyìí. Bàbá Ìbejì kì í kọ̀wé kó má bá a sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Etí ìwé, àárín ìlà, ibi tó bá ti rí àyè ló ń kọ ọ́ sí. Ọ̀gá Atẹ̀wé, ṣé èyí ò gùn jù? Ọ̀gá Atẹ̀wé, fo ibí yìí, orí ló ń fọ́ mi nígbà tí mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá sì fagi lé, kò lọ síbì kankan, ó kàn sùn sábẹ́ ìlà náà ni. Ìyá Ìbejì á kà á. Tó bá rí i pé ohun tó dáa ni ọkọ òun fagi lé, á tẹ̀ ẹ́ padà sí àyè rẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìlà tí àwọn òǹkàwé ń yìn jù, òun ló gbà wọ́n là. Bàbá Ìbejì mọ̀ dáadáa. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fagi lé nǹkan, kó lè mọ̀ bóyá á dá a padà.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í fagi lé nǹkan. Èèyàn á tẹ bọ́tìnì kan báyìí, ọ̀rọ̀ á pòórá, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó rò ó rí. Ta ló máa wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò rí?

Orí tábìlì Ìyá Ìbejì ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Ìbejì kì í fọwọ́ kàn án. Àfi bó ṣe di pé lẹ́yìn tí ìwé tó kọjá jáde, ó pe àwọn ìbejì lórí fóònù, ó ní kí wọ́n wá kọ́ òun. Wọ́n wá, wọ́n kọ́ ọ. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí yàrá tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. “Máa sinmi,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. “O ti ṣiṣẹ́ tó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó mọ ohun tó fà á, tàbí kó jẹ́ pé ó rò pé òun mọ̀. Ìwé tó kọjá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Ìkọ̀wé tó ti ń kà bí ẹni mumi wá ń dà pọ̀ mọ́ra, ó di kó máa gbé ìwé kọ̀ọ̀kan lọ síbi fèrèsé, kó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó tó padà wá jókòó. Dókítà ojú ní awò kò lè ṣàtúnṣe rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan nínú ilé. Nígbà tí Bàbá Ìbejì bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ ń falẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ ló dá lẹ́bi. “Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ẹ kọ. Ṣé èèyàn ló kọ èyí?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó má bínú. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n tún fi fẹ̀yìn rẹ̀ tì lẹ́ẹ̀kejì, nínú ilé ara rẹ̀.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ọkùnrin náà ló fẹ́ràn, kò sì síbi tó ti ń rí i gbangba bíi nínú ìwé tí ẹlòmíràn kò tíì rí. Tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Oúnjẹ sísè àti aṣọ lílọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Ìbejì jáde, ó ń fa ìka tó fi ń tẹ̀wé bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo sọ̀.

“Ó tán,” ló wí. “Orí kìn-ín-ní. Mo ti fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Èmi fúnra mi ni mo fi ránṣẹ́.”

“Ẹ kú iṣẹ́.”

“O ò bi mí bí mo ṣe ṣe é?”

“Ẹ ní kí n máa sinmi. Mo ń sinmi ni.”

Ó wò ó, ó wo òkìtì aṣọ tí obìnrin náà ti lọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀.

Kò tíì rìn jìnnà tí fóònù rẹ̀ fi dún lórí tábìlì. Ọkùnrin náà kì í rántí mú un dání. Olóòtú ilé ìtẹ̀wé ló ń pè, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ jẹ́jẹ́.

“Ẹ káàsán, mà. Ṣé Bàbá wà nítòsí?”

“Wọ́n jáde. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí, mà. Mo ti ka orí kìn-ín-ní. Ó dáa. Obìnrin tó ń tún aago ṣe yẹn, tí wọ́n ń pè ní Aláago, ó wọ̀ mí lọ́kàn. Àmọ́ ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tí mi ò mọ̀. Kì í sọ̀rọ̀, kì í ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni.” Ó wá ibi tó fẹ́ kà. “Ẹ gbọ́ ọ, mà. ‘Ọ̀gá Atẹ̀wé, mo fagi lé ìlà mẹ́ta níbí, wò ó bóyá ó yẹ ká dá wọn padà.’ Mi ò rí ìlà kankan. Ẹ tún gbọ́ èyí: ‘Ọ̀gá Atẹ̀wé, àìsàn yìí ti wọ Aláago lára. Ṣé kó kú? Tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́.’ Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin náà kú. Mo wá ń rò ó pé bóyá Ọ̀gá Atẹ̀wé ni Ọlọ́run nínú ìtàn yẹn.”

Ìyá Ìbejì fa àga, ó jókòó.

“Èmi ni,” ló wí.

“Mà?”

“Ọ̀gá Atẹ̀wé. Èmi ni.”

Ẹ̀rín wọ ohùn olóòtú náà. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi dá àwọn ìbéèrè yẹn lóhùn, kí ẹ tún orí náà fi ránṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ òní la máa jókòó lórí àwọn ìwé tí a máa gbà, mi ò sì lè gbé e síwájú àwọn ọ̀gá mi báyìí.”

Kò tíì wọ yàrá ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti kó lọ síbẹ̀. Ó wọlé báyìí. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn, ohun tó sì kọ́kọ́ rí ni bí lẹ́tà ibẹ̀ ṣe tóbi. Wọ́n tóbi bíi ti pátákó ẹ̀gbẹ́ títì, ìlà díẹ̀ ló ti gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ọkùnrin tó ń ka ọ̀rọ̀ wínníwínní ara páálí oògùn láìlo awò, kí ló fẹ́ fi èyí ṣe? Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò súnra síwájú, kò ṣẹ́jú, kò wá ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó ti kà á débì kan kó tó kíyè sí i pé òun ń kàwé bí òun ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀.

Ó padà sókè. Lábẹ́ àkọlé gan-an, ọ̀rọ̀ kan wà tí olóòtú kò kà fún un. Bóyá ojú ló ti ọmọ náà láti kà á.

Ọ̀gá Atẹ̀wé, mo ti sọ lẹ́tà yìí di ńlá. O ò ní gbé e lọ síbi fèrèsé mọ́. Tí kò bá tíì tóbi tó, má bínú, ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ìbejì bá a nígbà tó ti ìrìn rẹ̀ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kóun wọlé tàbí kóun padà.

“Ta ló sọ fún yín?” Ìyá Ìbejì bi í.

“Nípa kí ni?”

“Nípa ojú mi.”

“Ìwọ náà ni. Ò ń gbé ìwé mi sókè sí oòrùn bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò.”

“Ẹ ò sì sọ nǹkan kan.”

“Ìwọ náà ò sọ.” Ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Mo rò pé tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, wàá wọlé wá kà á. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí ẹ.”

“Ẹ ti ilẹ̀kùn.”

“Ìtẹ̀kúùtẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ẹ́ ló ń tì mí lójú. Ìwọ lò ń gbọ́.”

Ojú ti Ìyá Ìbejì, inú rẹ̀ sì dùn, ẹkún tún ń gbọ̀n ọ́n, gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i. “Ojú náà ń lọ ni,” ló wí. “Dókítà ní kò ní padà.”

“Mo gbọ́.” Ọwọ́ ọkùnrin náà wá sórí èjìká rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá Ìbejì nu ojú rẹ̀. “Kò sídìí tí Aláago fi gbọ́dọ̀ kú.”

“Mo bi ọ́, o ò dáhùn.”

“Inú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ ti bi mí. Ó ti pè. Ó ní bóyá èmi ni Ọlọ́run.”

Bàbá Ìbejì la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. “Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ ló bá ìwé náà lọ?”

“Gbogbo rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tí ẹ fagi lé dà?”

“Mo tẹ bọ́tìnì kan, wọ́n lọ.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

Ó rò ó títí. “Mi ò rántí.”

Èyí dun Ìyá Ìbejì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó jókòó dáadáa, ó fa pátákó bọ́tìnì kọ̀ǹpútà súnmọ́ ara. “Ẹ lọ mú bírò yín wá. Ẹ kọ ìparí orí yìí bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́, kí ẹ wá máa kà á sí mi létí. Ìka mi ò nílò ojú.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bàbá Ìbejì gbé ìwé lé orúnkún, ó tẹ̀ ba, bírò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ń gbọ́ ọ. Ó pa ikú Aláago rẹ́, ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò níbi gbogbo tó wà, ó sì fi ọwọ́ lé bọ́tìnì, ó ń dúró.

“Ó tán,” ọkọ rẹ̀ wí.

“Ẹ kà á.”

“‘Nígbà tí,’” ó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“‘Nígbà tí’ kí ni?”

“Dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí.”

Ìyá Ìbejì yíjú wò ó. Ó wá yé e. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkùnrin yìí kò tíì ka ìkọ̀wé ara rẹ̀ rí. Bó bá ti kọ ọ́ tán, òun ló ń gbé e fún. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gùn ún débi pé ó ní láti di tábìlì mú.

“Má fi mí rẹ́rìn-ín,” Bàbá Ìbejì wí. “Ó ń bọ̀.”

“Ibo ló ti ń bọ̀?”

Bàbá Ìbejì ń wo ìwé náà, iwájú orí rẹ̀ hunjọ. Ìrọ̀lẹ́ sì ti ń lé wọn bọ̀. Ìyá Ìbejì padà kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ìwé kankan ní apá òsì rẹ̀. Ó ti gba ọ̀rọ̀ là rí, ó ti dá a padà, ó ti tò ó, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kankan fúnra rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ó sì ń sọ ọ́ síta bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

“Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Aláago dìde jókòó, ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun wá fún òun.”

Ọkọ rẹ̀ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò, ó wá gbé e sílẹ̀ sórí orúnkún.

“Ohun tó wà níbí gan-an nìyẹn,” ló wí.

Ìyá Ìbejì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní kó máa kà á lọ.