Díákónì Ọládòṣù Gorí Ìtẹ́ ní Levenshulme

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Díákónì Ọládòṣù! Ọkùnrin yìí dìde ní ìpàdé òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Levenshulme nílùú òyìnbó níbí, ó ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé tíátà, pé eré anniversary ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀ yìí ni yóò kẹ́yìn. Pásítọ̀ sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni! Èmi Olúwakẹ́mi, tí mò ń darí drama láti 2009, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ọmọ mi Naomi, tó ń ka history, ló wá ọba kan fún mi tí a máa fi ṣe eré náà: Kristiánì Kẹfà, ọba Denmark láyé àtijọ́.

"Mum, he's well strict. Ó ní gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ lọ sí church ní Sunday. Tí o ò bá lọ, wọ́n á fine ẹ."

Áà! Mo mọ ẹni tí ọba yìí máa wù. Mo kúnlẹ̀ fún Díákónì pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá ṣe ọba náà.

"Èmi? Nínú tíátà?" Wọ́n wúkọ́. "Ó dáa. Nítorí ìhìnrere ni o."

Ìhìnrere kẹ̀! Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ kọ́tìnì ìyàwó wọn di aṣọ ìgúnwà. Wọ́n dé adé páálí wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Stockport.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀, Naomi sáré wọlé. "Mum, ọba yẹn ló ti tíátà Denmark pa!"

Mo gbé! Mi ò fẹ́ kí àṣẹ tíátà yẹn wọnú eré, àmọ́ Díákónì ti gbọ́. "Òótọ́ ni ká sọ, Sister Kẹ́mi," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Èmi fúnra mi ni mo máa pa àṣẹ yẹn." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́jọ́ eré, wọ́n bú àwọn tó pẹ́ dé ní ohùn ọba, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Pásítọ̀. "Kábíyèsí!" ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Ó wá kan àṣẹ ìkẹyìn.

"Láti òní lọ, ẹ ti gbogbo ilé tíátà pa ní…"

Àwọn ìyá kan ké láti ẹ̀yìn: "Kábíyèsí, ẹ má tíì kúrò lórí ìtẹ́ o!" Díákónì wo èrò, wọ́n wo kọ́tìnì ara wọn.

"…ní Denmark," ni wọ́n wí. "Ti Levenshulme, ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu!"

Mi ò tíì délé tí fóònù mi fi dún, Díákónì ni. "Sister Kẹ́mi, ta ló máa ṣe Hẹ́rọ́dù ní Kérésìmesì?"