Òrùka Ewé Lẹ́nu Ọ̀nà Huguette

Láti oṣù kẹrin ọdún 1987, tí gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré tó gbé Ọlọ́runtóyìn láti ọjà Adjamé ní Abidjan, ti dojú dé kó tó wọ Yopougon, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Irin ìjókòó ọkọ̀ ló ká mọ́ ọwọ́ náà. Àwọn dókítà to eegun, wọ́n rán awọ pọ̀, wọ́n sì sọ fún un pé kó máa dúpẹ́, nítorí àwọn kan tí wọ́n jọ wọkọ̀ kò délé mọ́. Ó ń dúpẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹun, tó ń tú aṣọ, tó ń ká a, tó ń fi àlùmọ́gàjí gé e fún oníbàárà, kò lè ṣàì mọ ohun tó bọ́ sọnù nígbà tí ìka rẹ̀ kò bá lè di etí ife mú.

Olútóyè ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe. Àárọ̀ kùtù ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Lékè, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń kàwé níbẹ̀. Nítorí náà, ilé a máa dákẹ́ lórí Ọlọ́runtóyìn, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ dání.

Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Huguette, aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ nínú àgbàlá. Ará Àjàṣẹ́ ni, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, obìnrin gíga tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Òun nìkan ló ń gbé yàrá rẹ̀. Èdè Gùn ni wọ́n fi tọ́ ọ, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi pé Faransé a máa yọjú nínú rẹ̀ bí òkúta inú ẹ̀wà.

Kí Huguette tó lọ síbi iṣẹ́, á ti wá wẹ Ọlọ́runtóyìn, á fi ìpara pa á lára, á sì di irun rẹ̀. Tó bá dé, á gbé ìkòkò kaná fún ilé méjèèjì. Ojú kọ́kọ́ ń ti Ọlọ́runtóyìn pé ẹni tó ju òun lọ ló ń bá òun fọ ẹ̀yìn.

"Jókòó dáadáa, Ìyá Lékè," Huguette á ní. "Ẹ̀yìn lásán ni. Mo ti fọ ìkòkò tó dúdú jù ú lọ."

Báyìí ni òjò ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ tó sì dá, tí òjò kékeré náà wá tó lọ, Huguette kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí ọyẹ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú lówùúrọ̀, tí àwọn ọmọdé àdúgbò ń yin bàǹgà nítorí Kérésìmesì tó ń bọ̀, ọkàn Ọlọ́runtóyìn kò balẹ̀. Kí ló lè fi dúpẹ́? Ó ti mú àǹkárá tó dára jù nínú ẹrù rẹ̀ fún Huguette nígbà kan rí, Huguette sì dá a padà. Ó ní, "Tọ́jú ẹ̀, òun lo máa fi padà sọ́jà."

Ọjọ́ kan ló rántí Cocody. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dáràn, ó máa ń ru aṣọ lọ bá àwọn ìyàwó olówó nílé wọn níbẹ̀. Nínú oṣù Kérésìmesì, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Nowẹ́lì, òrùka ńlá kan tí wọ́n fi ewé ṣe máa ń wà lára ilẹ̀kùn àwọn ilé mìíràn, pẹ̀lú èso pupa róbótó àti rìbọ́ọ̀nù. Ó bi oníbàárà rẹ̀ kan léèrè ohun tó wà fún. Obìnrin náà ní ó túmọ̀ sí pé ayọ̀ wà nínú ilé yìí, kí ẹni tó bá ń bọ̀ máa wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọlọ́runtóyìn nígbà náà. Ní báyìí, ó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ irú rẹ̀.

"Bàbá Lékè," ó wí fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, "mo fẹ́ ṣe òrùka ewé fún Ẹ̀gbọ́n Huguette, irú ti àwọn ará Cocody, ká gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn fún Nowẹ́lì."

Olútóyè wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò. "Jẹ́ kí n ra èyí tí wọ́n ti ṣe."

"Tí a bá rà á, kì í ṣe èmi ni mo dúpẹ́."

"Ó dáa. Ibo la ti máa rí ewé?"

"Oko Ignace, ní Songon."

Láti ìgbà ìjàǹbá yẹn, Ọlọ́runtóyìn kò tí ì wọ gbaka. Tó bá fẹ́ lọ sílé ìwòsàn, á fẹsẹ̀ rìn títí tí yóò fi rí takisí. "Gbaka ló ń lọ sí Songon," Olútóyè sọ pẹ̀lẹ́.

"Mo mọ̀."

Wọ́n jọ lọ ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Ọlọ́runtóyìn di ọrùn ọwọ́ Olútóyè mú débi pé àmì èékánná rẹ̀ wà níbẹ̀ dọjọ́ kejì. Ó pa ojú dé, ó ń ka sáàmù sínú, tó bá sì dé ìparí, á tún un bẹ̀rẹ̀.

Ignace, ọmọ ìjọ wọn tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ létí ọ̀sà, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. "Màrìwò?" ó ní. "Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ti kọjá tipẹ́." Síbẹ̀, ó gun ọ̀pẹ fún wọn. Ó gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, ó já ewé aláràbarà tó yí ilé rẹ̀ ká, ó sì fi ìdì ẹyìn kan tó pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ́ lé e.

Bí wọ́n ti ń padà, Ọlọ́runtóyìn ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí yóò fi ẹyìn sí àti bí rìbọ́ọ̀nù yóò ṣe gùn tó. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Yopougon ló tó rí i pé òun kò pajú dé rárá lójú ọ̀nà.

Olútóyè tẹ wáyà kan tó nípọn, ó so orí rẹ̀ pọ̀, ó di òrùka. Ibi tí tirẹ̀ parí sí nìyẹn, nítorí Ọlọ́runtóyìn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyókù. Ó la ewé ọ̀pẹ sí wẹ́wẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ wáyà. Ọwọ́ òsì ń ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún ń bà á jẹ́. Tó bá wé e yípo, tó fẹ́ fà á le, ìka á tú, ewé náà á sì tú. Ó fi orúnkún há wáyà mọ́ra, ó fi eyín fa ewé, títí eyín rẹ̀ fi di ìka kẹfà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tó ṣe dà bí ìtẹ́ ẹyẹ tí ìjì kọlù. Ó tú gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi omi rin ewé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń rántí ìyá rẹ̀ tó máa ń hun ẹní, tó máa ń sọ pé ewé kì í gbọ́ ti alágbára, ti onísùúrù ló ń gbọ́.

Tí Huguette bá ti dé láti ibi iṣẹ́, òrùka náà di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má bàa rí i.

Nígbà tó kan ẹyìn, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú. Abẹ́rẹ́ náà ń gba ara ẹyìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkùrọ́ rẹ̀, epo ń ta sí i lọ́wọ́. Ó ti tó ìlàjì kó tó kíyè sí i pé òun ò fi orúnkún di ẹyìn mú mọ́. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ló mú un, wọ́n mú un ṣinṣin, nígbà tí ọwọ́ òsì ń ti abẹ́rẹ́. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó gbé ẹyìn náà sílẹ̀, ó tún un mú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí ọjọ́ ti ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ Kérésìmesì, Huguette wà níbi iṣẹ́, oòrùn ti lé gbogbo àgbàlá wọnú ilé. Ọlọ́runtóyìn gbé òrùka náà jáde. Ewé tútù yí i po, ewé aláràbarà yọ jáde níbi tó yẹ, ẹyìn ń dán pupa, ó sì fi aṣọ pupa di kókó bí labalábá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e kọ́ ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn Huguette. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Igbe ló jí i.

Nígbà tó sáré jáde, àgbàlá ti kún. Àwọn kan ń to àga onírin. Bàbá Àrìmíyàù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta ọjà ní Adjamé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ń ṣe àdúà lábẹ́ ahọ́n. Pélagie, ọmọ bíbí Abidjan tó ń ta àchẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ní ìkángun òpópó, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti ṣí gèlè, ó ń sunkún.

"Kí ló dé?" Ọlọ́runtóyìn bi í ní Faransé.

"Yako, Ìyá Lékè," Pélagie dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn ni. "Yako. Huguette ti fi wá sílẹ̀."

Ọlọ́runtóyìn rò ó pé ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ló pa á. Kò béèrè mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pélagie, kò sì lè sunkún. Ó ń gbọ́ tí Pélagie ń sọ bí Huguette ṣe gbé ọmọ òun tí ibà ń ṣe lọ sílé ìwòsàn, tí kò padà títí ara ọmọ fi balẹ̀. Bàbá Àrìmíyàù náà sọ pé lọ́jọ́ tí Àdìzátù ìyàwó òun ń rọbí, tí òun wà lọ́jà, Huguette ló wá takisí, òun ló sì kọ́kọ́ gbé ọmọ náà. "Kò sọ fún mi pé mo jẹ ẹ́ ní ọpẹ́ kankan," ó ní.

"Ó wẹ̀ mí," Ọlọ́runtóyìn sọ. "Ojoojúmọ́ ló ń wẹ̀ mí."

Àsìkò náà ni Huguette wọlé láti ẹnu géètì, pẹ̀lú àpò búrẹ́dì lábẹ́ apá.

Ó rí èrò, ó rí àga, ó rí Pélagie tí kò wé gèlè. Búrẹ́dì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Lékè ńkọ́?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. "Ìyá Lékè dà?" Ó ń ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, títí ó fi rí Ọlọ́runtóyìn nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn. "O dẹ́rù bà mí. Ta wá ni ó kú?"

Bàbá Àrìmíyàù ń wo ẹsẹ̀ Huguette bóyá ó kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," Ọlọ́runtóyìn ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. "Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ kú."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Pélagie nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Kuroonu rèé lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Níbo la ti ń rí kuroonu bí kò ṣe lórí pósí? Mo rí i, mo kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn."

Ọlọ́runtóyìn gbé ọwọ́ lé ẹnu. Lóòótọ́, ní Yopougon, lára ọkọ̀ tó ń gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú nìkan ni wọ́n ti ń rí òrùka òdòdó tí wọ́n ń pè ní kuroonu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Yorùbá àti Faransé ń kọ lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀: Cocody, ayọ̀, Nowẹ́lì, kí ẹni tó ń bọ̀ máa wọlé. "Mo kàn fẹ́ dúpẹ́ ni," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá Àrìmíyàù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn. Pélagie ní òun ò rẹ́rìn-ín, òun ti sunkún débi pé orí ń fọ́ òun, kó tó di pé òun náà rẹ́rìn-ín.

Huguette nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan ewé, ó fọwọ́ kan ẹyìn. "Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi nìkan ni, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá Lékè kàn tẹ wáyà."

"Ọwọ́ wo?"

Ọlọ́runtóyìn na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Epo ẹyìn ṣì pọ́n lẹ́bàá èékánná rẹ̀. Huguette gbà á, ó tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta gbọ́, méjì kọ̀. Ó gbé ọwọ́ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Nígbà mìíràn tí mo bá dùbúlẹ̀," ó sọ fún gbogbo wọn, "mo máa ń rò ó pé tí mo bá kú sí Abidjan yìí, ẹni tó ń gba owó ilé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ ó gbé àga wá." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n fi etí mi gbọ́ ọ."

"Ó dáa," Pélagie ní, ó ń wé gèlè rẹ̀ padà. "A kì í gbé àga ọ̀fọ̀ padà sílé lófìfo. Ẹ jókòó." Ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gbé àchẹ́kẹ́ wá àti ẹja díndín. Bàbá Àrìmíyàù lọ mú páálí ohun mímu wá. Huguette ṣa búrẹ́dì rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó gbé ìkòkò ńlá kaná.

Nígbà tí Olútóyè dé láti ibi iṣẹ́, ó rí àga àti èrò láti ẹnu géètì. Ó ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló kú?" ó béèrè.

"Wá jókòó, Bàbá Lékè," Huguette ní, ó ti mú àwo lọ́wọ́. "Òkú ló ń bu oúnjẹ. Ṣé kí n fi ata sí tìẹ?"