Ká Bíráńṣì sí Òmù

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń pè ní bíráńṣì, kò tíì wọ mọ́tò láti Ìkọ̀lé lọ sí Adó rí. Ẹ ó jókòó tán, ọkàn yín ti balẹ̀, dírẹ́bà yóò wá ní, "Ẹ má bínú o, mo fẹ́ bíráńṣì ní Ìtapá níbí." Ó di kí ẹ máa wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń ti àpò gàrí sí bùùtù. Ẹ ó kùn títí, ẹ kò sì ní sọ̀kalẹ̀. Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà, àwa la ni ìwà inú rẹ̀.

Nínú gbogbo dírẹ́bà Ìkọ̀lé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Fọláhàn, bàbá Gbémisọ́lá. Nígbà tí ara ṣì le, ó ń bíráńṣì kí aláìsàn, ó ń bíráńṣì ra ẹran ìgbẹ́, ó ń bíráńṣì síbi ìkómọ tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí. Òmù nìkan ni kì í yà, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ilé ọkọ Tóyọ̀sí, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ikú ìyá wọn ló dá ìjà sílẹ̀. Fọláhàn kò dúró de àbúrò rẹ̀ kó tó sin òkú; ìgbà tí Tóyọ̀sí máa fi dé, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń dà sí sàréè. Ó ní títí láé, òun kò ní tẹ ilé ẹ̀gbọ́n òun mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ wá bẹ òun ní Òmù. Fọláhàn ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ẹ̀gbọ́n máa wá bẹ àbúrò? Àwọn méjì tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni wọ́n fi agídí sọ ara wọn di àjèjì bẹ́ẹ̀, títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá Fọláhàn dùbúlẹ̀, Gbémisọ́lá gbé e sínú mọ́tò ara rẹ̀, ó ń gbé e lọ rí dókítà ní Ìdó. Bí wọ́n ti dé Ọyẹ́, bàbá yíjú sí i.

"Gbémi, jẹ́ ká bíráńṣì sí Òmù."

"Òmù kẹ̀, Bàbá? Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ bẹ Tóyọ̀sí. Mi ò ní pẹ́."

Inú Gbémisọ́lá dùn, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ó wo aago. Ẹni tó bá pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ní kó padà wá, àìsàn náà kò sì mọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Tí a bá ń bọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká rí dókítà ná."

Bàbá kò bá a jà. Ó kàn kọjú sí fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà Òmù títí wọ́n fi kọjá rẹ̀.

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kú.

Abdulrasheed, dírẹ́bà ọsibítù, ló wa mọ́tò tó gbé òkú rẹ̀ bọ̀ wálé. Gbémisọ́lá jókòó níwájú. Nígbà tí wọ́n dé Ọyẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bíráńṣì sí Òmù."

"Ha! Àǹtí, òkú la gbé o! A kì í gbé òkú yà. Ilé rẹ̀ là ń gbé e lọ tààrà."

"Nígbà tó wà láàyè ló bẹ̀ mí pé kí n yà. Mi ò yà."

Abdulrasheed wò ó, ó mi orí, ó sì yí ọwọ́ mọ́tò sí ọ̀nà Òmù.

Etí ìlú ni ilé Tóyọ̀sí wà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láago pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, síbẹ̀ gbágùúdá ló ń bó níwájú ilé. Ó rí mọ́tò, ó mọ ohun tó gbé, kò dìde.

"Ìgbà tó kú tán ló tó mọ ọ̀nà ulé mi?" ló wí. "Ẹ gbé e lọ. Ẹni tí kò fẹ́ rí mi láàyè, kí ló ń wá ní ulé mi?"

Gbémisọ́lá lè dákẹ́. Àwọn méjì péré ló wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí bàbá ní kó yà, ọ̀kan sì ti kú. Bó bá dákẹ́, bàbá rẹ̀ ni yóò gbé ẹ̀bi náà wọ sàréè. Ó kúnlẹ̀ sórí èèpo gbágùúdá.

"Ó fẹ́ wá, Mà. Lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Ìdó, ó ní ká bíráńṣì, pé òun fẹ́ wá bẹ̀ yín. Èmi ni mo ní ó di ìgbà tí a bá ń bọ̀."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà.

"Ó ní òun fẹ́ bẹ èmi?"

"Ẹ̀yin, Mà."

"Òun fúnra rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀."

Tóyọ̀sí dìde, ó lọ sẹ́yìn mọ́tò. Abdulrasheed ṣílẹ̀kùn láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣí i. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé àyà òkú, ó fi oríkì pè é.

"Àjàní, mo gbọ́. O ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Ó ti tán o, Àjàní." Ló bá bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó sunkún títí ohùn fi há.

Gbémisọ́lá lọ dì í mú. Tóyọ̀sí rọra ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká.

"Gbé bàbá rẹ lọ. Lọ́la mo máa wá sí ulé rẹ̀, mo máa sin ín bó ti yẹ. Tèmi pẹ̀lú rẹ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìwọ, má tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu Gbémisọ́lá. Ó gbé e mì, ó padà sínú mọ́tò.