Ibi Tí Màmá Ní Kí N Kọ́lé Sí

Ilẹ̀ kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ògiri ilé ló máa ń fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ti rí ilé tó là láti fèrèsé dé ìpìlẹ̀ mọ ohun tí à ń wí.

Aníwúrà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró sí etí ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Akotogbo, ó ń wo irin gígùn kan tó ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnjiníà tó wá yẹ ilẹ̀ náà wò kí wọ́n tó kọ́lé ló ni irin ọ̀hún, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́lọlá. Mákánjúọlá, bíríkìlà tó máa kọ́ ilé náà, ló ń fi òòlù lu irin, Jẹ́jẹ́lọlá sì ń ka iye ìgbà tó lù ú. Bí ilẹ̀ bá le, irin á máa rákòrò. Bó bá rọ̀, irin á sáré.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí èèkàn wà ni wọ́n ń lù. Ibẹ̀ náà ni wòlíì ìjọ Aladura wọn ti wọ́n omi àdúrà sí lọ́jọ́ Àìkú.

Mákánjúọlá nu òógùn nù. "Ẹnjiníà, ilẹ̀ yìí le ju orí ìyàwó mi lọ!"

"Bóyá òun náà ń sọ pé tìrẹ ló le," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. Ó yíjú sí Aníwúrà. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, mo tún fẹ́ bi yín. Ṣé nǹkan kan ti wà lórí ilẹ̀ yìí rí? Kànga? Ṣáláńgá?"

"Ẹyìn nìkan ni," Aníwúrà dáhùn.

Jẹ́jẹ́lọlá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé oko ọ̀pẹ ni.

Aníwúrà rí ohun tó kọ, kò sì tún un ṣe. Òun tó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ fa igi pupa sí àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe oko ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Kòtò ẹyìn ni, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀, tí á fi ẹsẹ̀ gún ẹyìn títí epo á fi yọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfúnpo dé ìlú, wọ́n da ògùṣọ̀, ìyẹn háhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, kún un, wọ́n sì bu erùpẹ̀ bò ó. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ibi tí mo ti gúnyìn rán ọ nílé-ìwé, orí ẹ̀ gan-an ni kí o kọ́lé sí." Aníwúrà sì ṣèlérí. Bí ẹnjiníà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kòtò, ìlérí bàjẹ́ nìyẹn.

Òjò ṣú. Jẹ́jẹ́lọlá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. "Ó dáa, Mama. Màá kọ̀wé pé ilẹ̀ yìí lè gbé ilé. Orúkọ mi ló máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ló gún Aníwúrà láyà. Irọ́ tòun, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

"Ọmọ mi, dúró. Ẹ lu àárín."

Òòlù mẹ́ta péré, irin rì bí ẹni pé inú ẹ̀kọ ni wọ́n tì í sí. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ògùṣọ̀ dúdú jáde, òórùn epo ṣì wà lára rẹ̀, omi sì ń sun láti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Yéè!" ni Mákánjúọlá ké. "Pálọ̀ ni mo fẹ́ fi síbí!"

Jẹ́jẹ́lọlá yíjú sí Aníwúrà. "Ẹ mọ̀, Mama."

"Mo mọ̀." Ó ro ọ̀rọ̀ ìlérí tó ṣe fún ìyá rẹ̀ fún un. "Ṣé a ò lè kó o jáde?"

"Ó jìn, omi sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sún ilé sápá ọ̀nà."

"Màmá ní orí ẹ̀ gan-an."

"Mama, ta ló máa sùn nínú ilé náà?"

Aníwúrà wo ògùṣọ̀ tó wà lórí ilẹ̀. Ìyá òun mọ ẹyìn dénú eegun, ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ ló mọ̀ láyé rẹ̀; kò mọ bí búlọ́ọ̀kù ṣe wúwo tó. Àbí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ra ìwé fún ọmọ lè fẹ́ kí ilé wó pa á?

"Mákánjúọlá, yọ èèkàn."

"Àdúrà wòlíì tó wà nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́?"

"Àdúrà lẹ́sẹ̀. Á tẹ̀lé wa."

Wọ́n gbé irin lọ sápá ọ̀nà. Kí Mákánjúọlá tó gbé òòlù sókè, Aníwúrà ní kí ẹnjiníà ṣí ojú ìwé tuntun. Ó na ìka: ṣáláńgá àtijọ́ wà nídìí àgbọn ọ̀hún, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ilé bàbá òun nìyẹn, àkìtàn wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó kéré, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ìwé. Jẹ́jẹ́lọlá fi ara bò ó, ó ń kọ.