Ohun Tí Ilésanmí Kọ Nípa Ará Ìgàndó

"Àdíját, kà á fún mi ní Yorùbá," ni Alùhájì Jàfárù wí, ó sì gbé ìwé ìwádìí Tíṣà Ilésanmí lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Tíṣà kọ nípa wa."

Ilésanmí fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà wá fi dúpẹ́, torí ó mọ̀ pé Alùhájì tó jẹ́ aránṣọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbàgbé pé Alùhájì ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ọ̀mọ̀wé mà ni Tíṣà! Bí olórí ilé ẹ̀kọ́ ṣe lè gbọ́ àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ yé ló ń kọ́ gba oyè másítà ní yunifásítì.

Ọdún 1977 ni, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Oṣù méjì ni Alùhájì fi mú Ilésanmí kiri ilé àwọn òbí. Wọ́n á béèrè ilé àti ọmọ, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ilésanmí jẹ, ó mu, ó sì lọ kọ ọ́ pé òpè ni wọ́n, pé oúnjẹ ni wọ́n fi ń sá fún ìbéèrè, pé wọn kò ka ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sí.

Àdíját wo ìwé náà, ó wo Ilésanmí.

"Wọ́n ní... ọlọ́yàyà ni àwọn òbí ibí, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ jẹ wá lógún, tọkùnrin tobìnrin."

"Alihamudulilahi! Tíṣà, Ọlọ́run á gbé ọ ga."

Ìtìjú kò jẹ́ kí Ilésanmí lè ṣe àmín. Irú ọmọbìnrin tó kọ pé àwọn òbí kì í rán lọ sílé ìwé ló ń bo àṣírí rẹ̀ yìí.

"Èyí kọ́ ni mo kọ, sà."

Ó gba ìwé náà, ó tú u sí Yorùbá fúnra rẹ̀, kò yọ òpè kúrò. Nígbà tó parí, ó dọ̀bálẹ̀.

"O ti bẹ èmi," ni Alùhájì wí. "Àwọn tí o fẹ́ gbé e fún ní yunifásítì ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún wọn pé irọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi padà sílé àwọn òbí náà lọ́la, kí n lè tún un kọ."

"Ọjọ́ Ajé tí o ní yunifásítì fẹ́ gbà á ńkọ́?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, sà."